Ìyá Wúràọlá Fi Òrí Pa Ọkọ̀ Lára

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ewu ọ̀nà. Bí ó bá bá yín lórí ìjókòó, ẹ kú ìsinmi. Bí ó bá bá yín lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ yóò so èso rere. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, ẹni tí ó tan oòrùn sójú ọ̀run, tí ó sì fi ẹyin ojú sí wa lórí kí a lè máa rí i. Láràárọ̀ ni a ń jí tí a ń la ojú, síbẹ̀ àwa kan wà tí a kò tíì dúpẹ́ rí pé ojú náà là. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọláyẹmí fún yín.

Ní ìparí ọdún 1971, awakọ̀ ni Ọláyẹmí ní Igbó-Ọrà, ẹni ogójì ọdún. Ọkọ̀ Mọ́ríìsì kékeré kan, aláwọ̀ ewé, tí ó ti kọ́kọ́ sin olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ni ó fi ń kó èrò lọ sí Eruwa. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó sì máa ń dé Ìbàdàn. Gbogbo ìlú mọ̀ pé kì í sáré. Nítorí pé òun náà ni ó ń lu aago ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìgbín Olúwa. Kì í bínú. Yóò kàn rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ẹ̀yin ẹ máa sáré. Ẹ ṣáà sọ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ìgbín tó já sí kòtò."

Ìyá rẹ̀, Wúràọlá, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Arúgbó náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí agbára ṣì wà, ó ru iyọ̀ lọ tà ní Tápà àti Ayétẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà Ìbàràpá. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta ni awọ funfun kan ti ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé ohùn ni ó fi ń mọ ènìyàn. Kò rí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ rí, nítorí lẹ́yìn tí ojú ti lọ ni ọkọ̀ dé. Ìró rẹ̀ ni ó mọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ lókèèrè, ìyá á ti sọ fún Salome, aya ọmọ rẹ̀, pé, "Gbé omi kaná, Ìyá Ọmọ́ṣọlá. Ọkọ rẹ ti dé kọ́ọ̀nà."

Nínú oṣù Kọkànlá, nọ́ọ̀sì kan ní ilé-ìwòsàn ìlú fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú náà, ó ní, "Ojú yìí kò kú o. Awọ ló bò ó, wọ́n sì lè mú un kúrò." Ó ní dókítà ojú kan ń bọ̀ láti òkè òkun sí ilé-ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni yóò sì lò kí ó tó padà. Nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà, èsì sì dé: ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá, kí ìyá ti wà níbẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Ẹni tí kò bá dé, ó di ọdún mìíràn.

Ọdún mìíràn! Fún ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin, ta ni ó mọ èyí? Ọláyẹmí ka lẹ́tà náà lákàtúnkà títí ó fi ya níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po.

Ọyẹ́ ọdún náà kò sì ṣeré rárá. Ètè àwọn ọmọdé ń sán, ilẹ̀kùn ń dún kan-an kan-an fúnra rẹ̀, aṣọ tí ènìyàn bá sá á gbẹ kó tó yí ẹ̀yìn padà. Láàárọ̀, ìkùukùu òun eruku á bo ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò ní rí ìgànná ilé kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ ńlá méjì ni ó ti forí gbárí lọ́nà Eruwa. Ọláyẹmí gbọ́, ó mi orí. Ó pinnu pé bí ọwọ́ ọmọ ènìyàn bá lè ṣe é, ọkọ̀ tí yóò gbé ìyá òun lọ sí Ìbàdàn kò ní kọ iṣẹ́ lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, Búrẹ́mọ̀ makáníìkì. Ilé Búrẹ́mọ̀ wà ní ìpẹ̀kun ìlú lọ́nà Eruwa, níbi tí ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò. Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àwọn méjèèjì gbé ọkọ̀ sábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé Ọláyẹmí, wọ́n ṣí i sílẹ̀ bí ẹni tó ṣí ẹran ìléyá.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, asẹ́ kékeré tí ó ń gba eruku kúrò nínú atẹ́gùn. Búrẹ́mọ̀ gbọ̀n ọ́n mọ́ ilẹ̀, eruku pupa sì tú jáde bí ẹni da èlùbọ́ nù.

"Ìgbín," ó ní, "ṣé oko àgbàdo lo fẹ́ dá sínú ọkọ̀ yìí ni? Ilẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ tó gbin nǹkan."

"Ṣáà fọ̀ ọ́ mọ́, ọ̀rẹ́. Bí o bá rí kóró àgbàdo níbẹ̀, tìẹ ni."

Wọ́n da omi gbígbóná sí ẹnu bátìrì níbi tí nǹkan funfun ti hù sí, wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n tú omi àtijọ́ inú rédíétọ̀ nù, wọ́n rọ tuntun. Wọ́n tẹ fánbẹ́lítì wò bóyá ó ti dẹ̀. Wọ́n wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń sán wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ti ẹ̀yìn búùtù pààrọ̀. Wọ́n tún bíréèkì mú. Wọ́n fi rọ́bà tuntun sí wáípà tí ń nu dígí. Ọláyẹmí fọ dígí iwájú lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nù ún títí ó fi ń dán bí omi àmù, ó sì nu ojú iná méjèèjì bákan náà.

"Ní àsìkò ọyẹ́," ó sọ fún Búrẹ́mọ̀, "ẹ́ńjìnnì kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, o jókòó sójú kan. Bí o kò bá ríran ńkọ́, tí ọkọ̀ sì ń lọ?"

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe èyí ni Ìyá Wúràọlá ti ń bọ̀ láti inú ilé. Ó fi ọwọ́ kan tọ ògiri, ó fi ìkejì gbé àwo ògì gbígbóná tó fẹ́ fún wọn mu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ abọ́ tí Búrẹ́mọ̀ kó nọ́ọ̀tì táyà sí, abọ́ dojú dé, nọ́ọ̀tì fọ́n káàkiri, ògì dà.

"Ìyá!" Ọláyẹmí pariwo. "Ẹ̀yin náà, ẹ máa wolẹ̀ o! Abọ́ funfun báláú báyìí, tó tóbi tó orí màlúù, ẹ ní ẹ kò rí i?"

 Búrẹ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa nọ́ọ̀tì.

"Má bínú, Àlàó ọmọ mi," ni ìyá wí. Oríkì rẹ̀ ni ó fi pè é. "Mo rò pé mo mọ ibẹ̀ ni."

Ojú ti Ọláyẹmí díẹ̀. Ká sọ òtítọ́, nígbà mìíràn ó máa ń ṣe é bí ẹni pé ìyá kò fara balẹ̀ tó. Pé bí ó bá tẹ ojú mọ́ nǹkan dáadáa, yóò rí i. Ó fà á lọ́wọ́, ó mú un jókòó lórí àpótí.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe sí i láti òwúrọ̀?" ni ìyá béèrè.

"À ń pèsè rẹ̀ sílẹ̀ de ọyẹ́ ni, Ìyá. Ká lè gúnlẹ̀ ní Ìbàdàn láyọ̀."

"Ọyẹ́ ń mú ọkọ̀ náà?"

Búrẹ́mọ̀ gbà á lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ó ń mú un kẹ̀ẹ̀, Ìyá! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tá a yọ sọ́hùn-ún yẹn, ó sán bíi gìgísẹ̀ ìyàwó mi."

"Ẹ ò sì fi òrí pa á lára?"

Ẹ̀rín pa Búrẹ́mọ̀ títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Èyí tó kù ká ṣe nìyẹn, Ìyá! Òrí nìkan ló kù!"

Ọláyẹmí náà rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kàn mi orí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n sọ ohun kan fún tí ó sì gbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, gbogbo rẹ̀ ti parí. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì, jáàkì, okùn tó nípọn, tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ pupa kan tí wọn yóò so mọ́ ẹ̀yìn kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lè rí wọn, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú búùtù. Ọláyẹmí ti àwọn ilẹ̀kùn pa, ó fi ẹní méjì bo ọkọ̀ láti orí dé ìdí nítorí eruku.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ikọ́ ọyẹ́ kò jẹ́ kí ìyá lè bá wọn lọ sí ilé ìsìn. Ọláyẹmí, Salome àti Ọmọ́ṣọlá ọmọ wọn lọ ní àárọ̀, wọ́n sì tún lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ìjọ gbàdúrà fún ìrìn àjò wọn, wọ́n kọrin títí ọkàn Ọláyẹmí fi tù. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó dé. Ìyá ti dùbúlẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ oko. Wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀yìnkùlé wò.

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé ni Ọláyẹmí jáde. Ó bá àwọn ẹní tí ó fi bo ọkọ̀ lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rò pé atẹ́gùn ni ó ká wọn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, ó rò pé ìrì ni. Ó wọlé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú òtútù yẹn! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Salome mú ìyá jáde, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sí ẹ̀yìn, òun náà sì jókòó tì í. Wọ́n fi Ọmọ́ṣọlá sọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n gbàdúrà, wọ́n bọ́ sọ́nà.

Ọláyẹmí tan iná. Ìmọ́lẹ̀ tó yọ kò ju ti fìtílà elépo lọ. Iwájú funfun báláú.

"Ọyẹ́ tòní mà pọ̀ jù o," ó ní.

Ó rọra ń lọ, bí ẹni tí ń rìn lórí ẹyin. Kò rí òpó, kò rí ògiri. Ewúrẹ́ kan ké lẹ́bàá ọ̀nà, kò rí i. Ó tan wáípà, wáípà lọ ó bọ̀, funfun náà sì tún ki sí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé Búrẹ́mọ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ láti wo bí ọ̀nà ti rí.

Ó yà á lẹ́nu. Níta, ojú ọjọ́ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀. Ó rí igi máńgòrò Búrẹ́mọ̀ níwájú, ó rí ṣáágo omi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀: funfun. Ó tún jáde: igi máńgòrò. Nígbà náà ni ó na ìka sí dígí. Ìka náà yọ̀ lọ fìrì, ó sì gbé pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ pupa kan bọ̀. Ó gbé e sí imú. Òórùn tí ó mọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni.

Òrí.

Ó fi akísà nù ún. Kàkà kí ó mọ́, ńṣe ni ó ń tàn kálẹ̀. Ojú iná náà ńkọ́? Òrí ni. Orí ọkọ̀, ilẹ̀kùn, táyà, nọ́ńbà ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ òrí, eruku ọ̀sán òun òru sì ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ọkọ̀ náà.

"Ta ló ṣe èyí?" Ó yíjú sínú ọkọ̀. "Ta ló fi òrí kun ọkọ̀ mi?"

Salome gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Èmi ni o," ni ìyá dáhùn láti ẹ̀yìn, ìdùnnú sì wà lóhùn rẹ̀. "Nígbà tí ẹ lọ sí ilé ìsìn. Búrẹ́mọ̀ sọ pé òrí nìkan ló kù. Òrí Ayétẹ̀ ojúlówó ni, odindi igbá kan. Ọwọ́ mi ò dé àárín òrùlé rẹ̀, ìyẹn nìkan ló kù. Bí mo ti ń ṣe fún ọ nìyẹn ní kékeré, Àlàó. Ọyẹ́ kan ò sán ẹsẹ̀ rẹ rí."

Ọláyẹmí dúró síbẹ̀. Ìbínú ru sókè nínú rẹ̀. Ó ronú aago mẹ́sàn-án. Ó ronú dókítà tí yóò padà lọ sí òkè òkun. "Ìyá," ó ní, "dígí ni ibẹ̀ yẹn! Ibẹ̀ ni mo fi ń ríran! Mi ò rí nǹkan kan mọ́. Àfi bí ẹni tí wọ́n da ẹ̀kọ sí lójú. Mò ń rí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo ni igi, èwo ni ènìyàn!"

 Ìyá wí jẹ́jẹ́ pé, "Há. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Àlàó. Ẹ̀kọ yẹn gan-an ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rí ọ láti ọdún mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sínú rẹ̀ bí òkúta sínú kànga. Ó rántí abọ́ nọ́ọ̀tì. Ó rántí iye ìgbà tí ó ti sọ pé, "Ẹ máa wolẹ̀ o." Òun fúnra rẹ̀ ti tẹ ojú mọ́ dígí náà láàárọ̀ yìí bí agbára rẹ̀ ti tó, ó sì ti fojú fo odindi ewúrẹ́. Ìbínú náà kò padà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kàn lọ ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ṣì ń yọ̀ fún òrí.

"Ìyá, ẹ forí jì mí," ó ní. "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn."

"Kí lo ṣe? Dìde nílẹ̀, kí òtútù má mú ọ. Ṣé òrí yẹn ti bà á jẹ́ ni?"

"Kò bà á jẹ́, Ìyá. A ó fọ̀ ọ́."

Búrẹ́mọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, kẹ́tùlù omi gbígbóná ṣì wà lórí iná lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ó rí Mọ́ríìsì náà, ó dì mọ́ igi máńgòrò kí ẹ̀rín má baà gbé e ṣubú.

"Ìyá Ọláyẹmí! Ẹ ò kúkú lé tìróò fún un! Ẹ ò wé gèlè fún un!"

"Ìwọ lo ní òrí ló kù," ni ìyá sọ láti inú ọkọ̀. "Àgbàlagbà kì í fi ọ̀ràn ọyẹ́ ṣàwàdà."

Búrẹ́mọ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Mo jẹ̀bi, Ìyá. Ẹnu mi ló kó bá wa."

Òun fúnra rẹ̀ ni ó kó eérú wá láti ààrò, ó pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú, àwọn mẹ́ta sì fi kànìnkàn ha dígí náà, ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́, ti ẹ̀yìn, pẹ̀lú omi gbígbóná. Wọ́n fọ ojú iná. Wọ́n yọ rọ́bà wáípà, wọ́n fọ̀ ọ́. Búrẹ́mọ̀ rá wọ abẹ́ ọkọ̀ láti rí i pé òrí kò kan bíréèkì, kò sì kàn án. Òrí tó wà lára táyà àti rọ́bà ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. "Èyí ò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Ìyá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀ yẹn."

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, aago méje ti kọjá.

Ìkùukùu gidi sì ń dúró dè wọ́n lọ́nà. Lẹ́yìn Eruwa, ó sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ. Ọláyẹmí tan iná, ó rọ̀ mọ́ etí títì lọ́wọ́ òsì, nítorí ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà nígbà náà, ó ń fun họ́ọ̀nù ní gbogbo kọ́ọ̀nà. Ọkọ̀ ńlá kan tí ó ru iṣu wá láti ẹ̀yìn, ó ya wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo, awakọ̀ rẹ̀ sì yọ orí jáde. "Ìgbín Olúwa! Ìbàdàn lò ń lọ àbí ọ̀run?" Eruku rẹ̀ gbé wọn mì.

Ọláyẹmí wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́jọ kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yún un láti tẹ ọkọ̀. Bí ó bá sáré, bóyá wọn yóò dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó ní ìmọ̀lára ọwọ́ kan léjìká rẹ̀.

"Àlàó, ṣé o ríran?"

"Díẹ̀, Ìyá."

"Nígbà náà, díẹ̀ ni kó o rìn. Èmi tí mò ń fọwọ́ tọ ògiri láti ọdún mẹ́ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ò ríran kì í sáré."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Kò tó máìlì méjì lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi bá ọkọ̀ oníṣu náà. Ó ti fi imú gún kòtò ẹ̀bá ọ̀nà, iṣu fọ́n ká, ṣùgbọ́n, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, gbogbo èèyàn rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Awakọ̀ náà kò lè gbé ojú sókè. Ọláyẹmí sọ̀ kalẹ̀, ó gbé okùn rẹ̀ tó nípọn fún un láti fi wá ẹni tí yóò fà á jáde, ó sì so aṣọ pupa mọ́ igi níwájú kọ́ọ̀nà kí ọkọ̀ mìíràn má baà gbá wọn.

"Ọ̀rẹ́," ó ní, "ṣé o rí ìgbín kankan nínú kòtò yẹn?"

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín tipátipá. "Máa lọ, jàre. Olúwa yóò ṣáájú rẹ."

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n wọ ọgbà ilé-ìwòsàn. Èrò kún ìlóro. Akọ̀wé tí ó jókòó sídìí tábìlì kò tiẹ̀ wo lẹ́tà náà tán.

"Ẹ ti pẹ́. Wọ́n ti ka orúkọ, káàdì sì ti tán. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Láti Igbó-Ọrà la ti wá."

"Gbogbo ayé ló ti ibì kan wá. Kí ló dá yín dúró, táyà jò?"

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ń kọjá, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọláyẹmí lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, táyà jò, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Táyà kò jò, sà," ó ní. "Ìyá mi ló fi òrí pa ọkọ̀ lára."

Nọ́ọ̀sì àgbà dúró. "Kí lo wí?"

"Òrí, mà. Nítorí ọyẹ́. Ó fi pa gbogbo ara rẹ̀, tó fi kan dígí. Kò ríran, kò mọ̀ pé dígí ni."

Nọ́ọ̀sì yí sí ìyá. "Ìyá, òótọ́ ni?"

"Gbogbo ibi tí ọwọ́ mi tó," ni ìyá dáhùn. "Wọ́n ní rọ́bà rẹ̀ ń sán."

Nọ́ọ̀sì náà gbé ọwọ́ ìyá, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ìlóro sì bá a rín. Akọ̀wé náà ń gbìyànjú láti fajú ro, ètè rẹ̀ kò gbà fún un. "Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ táyà jò," ni nọ́ọ̀sì wí bí ó ti ń nu ojú. "Ogún ọdún! Kò sí ẹni tó lè jókòó sílé kó ronú irọ́ báyìí. Ẹ dúró níbẹ̀."

Ó wọlé. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin kan, ẹ̀rín gbẹ̀ngbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yọjú. "Dókítà ní òun yóò rí ìyá olóòrí lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá tán. Ẹ wá ibi jókòó. Ẹ sì fọ ọwọ́ wọn o!"

Ọláyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìlóro náà, ó bo ojú, ó ń sunkún ọpẹ́. Salome rò pé ó ń sùn.

Ní ọjọ́rú ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀tún. Nígbà tí Ọláyẹmí lọ mú ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ó bá a lórí àga níta, pẹ̀lú awò ojú tó nípọn bí ìdí ìgò. Ìyá gbójú sókè. Ó wò ó títí. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Àlàó," ó ní, "irun rẹ ti ń funfun. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

 Ọláyẹmí mú un lọ sídìí ọkọ̀. Ìyá rìn yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà, ó wo orí rẹ̀, ó dúró.

"Ẹ purọ́ fún mi. Ẹ ní àwọ̀ ewé ni. Ọkọ̀ yìí pupa!"

Ọláyẹmí fi ìka kan fa eruku ọ̀nà kúrò lára ilẹ̀kùn. Ilà kan yọ, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé kókò.

"Hẹn-ẹ́n," ni ìyá wí. "Ó rẹwà."

Kí wọ́n tó bọ́ sọ́nà, Ọláyẹmí mú agolo kékeré kan jáde lábẹ́ àga rẹ̀. Òrí Ayétẹ̀ ni, ojúlówó. "Ìyá," ó ní, "rọ́bà ilẹ̀kùn ti tún ń gbẹ. Ẹ bá mi fi díẹ̀ pa á."

Ìyá wò ó lójú bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ìka méjì bu òrí, ó rọra ń pa rọ́bà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi dígí, ó dá ọwọ́ dúró ní ìwọ̀n ọmọ ìka kan sí i, ó tẹ ojú mọ́ ọn, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, òun ni ó ń fi òrí pa rọ́bà ọkọ̀ náà bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí dé ibí, kí Olúwa fi ìmọ́lẹ̀ sí ojú rẹ, kí ó sì fi sùúrù sí ọkàn rẹ fún ẹni tí ojú tirẹ̀ kò tó. Ọyẹ́ kò ní sán ọ lára. Ọ̀nà kò ní na ọ́. Ibi tí o bá pẹ́ dé, kí o bá ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Kí ọwọ́ ìyá tó fi òrí pa ọ́ lára ní kékeré pẹ́ láyé láti jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì ti lọ, kí ìrántí rẹ̀ máa rọ̀ ọ́ lára ní gbogbo ọjọ́ òtútù. Àmín.